Ohun Tó Bá Dojú Dé Lórí Pèpéle

Mo fi ewú orí mi búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí eyín méjì tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu kó ẹrù wọn kí wọ́n máa lọ. Ìyá àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé bí mo bá ní òjò ń rọ̀, kí èèyàn kọ́kọ́ na ọwọ́ síta wò. Ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ àbígbẹ̀yìn wa obìnrin ni mo fẹ́ sọ, ta ni yóò sì parọ́ mọ́ ọmọ tó bí?

Sọdọ̀tun ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ tí mo sọ ọ́ wà níbẹ̀ o, àmọ́ bí ẹ bá fi pè é lójú títì, kò ní bojú wẹ̀yìn. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀dà kì í sì í tán léèékánná rẹ̀. Ẹ wo ìka rẹ̀ lónìí, ẹ ó mọ ohun tó kùn lánàá. Tẹ́lẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ló ń rán ní ilé iṣẹ́ ńlá kan: ojoojúmọ́, aṣọ kan náà, àwọ̀ eérú kan náà, àpò méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sunkún. Òun wálé, ó jókòó, ó ní, "Bàbá, mi ò fẹ́ rí àwọ̀ eérú mọ́ láyé mi."

Mo ní, "Ìyẹn ni pé o ò ní wo orí mi mọ́ nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín nínú omi náà àti èyí tó jẹ́ ẹkún.

Kò pẹ́ sígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ọjà àlòkù, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ilé tó ti sú àwọn tó ni ín. Ohun tó kọ́kọ́ gbé wálé ni dígí ńlá kan tí férémù rẹ̀ rí bíi pé eku ti fi ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ìyá rẹ̀ lọgun: "Ṣé ojú tiwa la fẹ́ máa wò nínú ìyẹn?" Sọdọ̀tun gbé e lọ sí àgbàlá. Ó fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi jọ igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó fi ọ̀dà funfun tẹ́ ẹ, ó fi àwọ̀ ewé lé e lórí, ó wá fi orí ìka rẹ̀ to àmì wúrà wẹ́wẹ́ yí i ká. Nígbà tó gbé e kọ́, ìyá rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀. Ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Ṣé bí mo ṣe ṣì rẹwà tó nìyí?"

Mo ní dígí ló rẹwà. Oúnjẹ alẹ́ mi pẹ́ gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìkòkò òdòdó tí ẹnu rẹ̀ ti ya, ó kun ibi tó ya náà ní pupa bí ètè, ó wá dà bíi pé ìkòkò náà fẹ́ sọ̀rọ̀. Aago ara ògiri tí kò lọ́wọ́ kankan mọ́, ó kun ojú rẹ̀ bí ojú ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé wa ló rà á. Ó ní irú aago tí òun ti ń wá nìyẹn, kí àwọn oníbàárà òun má bàa mọ bí wọ́n ṣe pẹ́ tó lórí ìdúró.

Ilé alájà kan là ń gbé, àwa lókè, Onílé nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Yàrá tiwa kéré débi pé ẹni tó bá fẹ́ na apá ní láti kọ́kọ́ ṣí fèrèsé. Nítorí náà, abẹ́ àtẹ̀gùn ni Sọdọ̀tun ń kó agolo ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí, pèpéle tó wà ní àgbàlá, níbi tí oòrùn ti ń mú dáadáa, ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Òfin kan ló wà fún pèpéle yẹn. Bó bá ti fọ nǹkan tán, tó ti ha á tán, á dà á dojú dé síbẹ̀ kí omi rẹ̀ ro. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí kùn ún lójú dídé, láti ẹsẹ̀ lọ sókè. Ó ní, "Ẹni tó bá kọ́kọ́ kun orí, níbo ló fẹ́ dì mú nígbà tó bá kan ẹsẹ̀?" Gbogbo ilé mọ̀ pé ohun tó bá dojú dé lórí pèpéle, ọ̀dà ló kàn. Ohun tó bá kọjú sókè, kí ẹni tó ni ín wá gbé e. Ìyá rẹ̀ gbàgbé ìkòkò ìdáná kan síbẹ̀ rí lójú dídé. Títí dòní ni labalábá búlúù wà nídìí ìkòkò yẹn, bá a bá sì gbé e kaná, ó ń ṣe mí bíi kí n ní kó fò.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gba tiṣẹ́ yìí, Onílé sì ni. Ọkùnrin náà kúrú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló gùn, imú rẹ̀ ò sì ṣe é bá ṣeré. Ẹ ṣí ọ̀dà ní ìlú kejì, á sín níbí. Lọ́jọ́ kan ó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó di imú mú, ó ní, "Bàbá òkè, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín. Bí oṣù yìí bá parí, mo fẹ́ kí abẹ́ àtẹ̀gùn mi ṣófo. Ilé ni mo kọ́, mi ò kọ́ agolo ọ̀dà."

Mo sọ fún un. Inú agolo tó ń rò ló ń wò, kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Bàbá, ilé iṣẹ́ kan ní òdìkejì ìlú ń wá aránṣọ. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi."

"Aṣọ aláwọ̀ wo?"

"Ẹ má bi mí."

Mi ò bi í mọ́. Àwa méjèèjì mọ àwọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ àpótí kan fún yín. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn Onílé, àpótí ìjókòó kan wà níbẹ̀, igi dúdú, tìmùtìmù lórí rẹ̀. Bàbá Onílé, tó jẹ́ káfíńtà kó tó kú, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Orí rẹ̀ ni Onílé máa ń jókòó sí láràárọ̀ tó bá fẹ́ fi pólíìṣì kun bàtà, kò sì gbà kí ẹlòmíì fìdí kàn án. Àmọ́ ìyá rẹ̀ ń fi ojúgun kàn án. Màmá ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ṣókùnkùn. Bó bá ti jáde ní yàrá, gbì! Á pariwo mọ́ ọkọ rẹ̀ tó ti kú: "Olówó orí mi, o kú tán, o tún ń gbá mi lẹ́sẹ̀!" Àwa tá a wà lókè á mọ̀ pé Màmá ti jí nìyẹn. Onílé á sì dáhùn láti inú yàrá pé, "Ẹ rọra, Màmá."

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Onílé ti lọ sí ìpàdé. Sọdọ̀tun ní iṣẹ́ lọ́wọ́: obìnrin kan tó ní ilé ìtọ́jú ọmọdé fẹ́ àpótí kéékèèké aláwọ̀ yẹ́lò, yẹ́lò bíi pupa inú ẹyin. Sọdọ̀tun ti rí wọn rà lọ́jà àlòkù, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti ha wọ́n, wọ́n tò sórí pèpéle, ẹsẹ̀ wọn sókè bí ewúrẹ́ tó ń sùn. Ó gòkè wá jẹun.

Ibi tó ti ń jẹun lọ́wọ́ ni ìyàwó Onílé ti da pólíìṣì dúdú sórí àpótí ọkọ rẹ̀. Ìbẹ̀rù mú un. Ó ṣí tìmùtìmù kúrò, ó gbé àpótí lọ sí àgbàlá, ó fi ọṣẹ bó o. Bí ẹnikẹ́ni tó bá fọ àpótí ṣe máa ń ṣe, ó dà á dojú dé kí omi rẹ̀ ro. Ibo ló dà á dé sí? Ẹ̀gbẹ́ àwọn yòókù lórí pèpéle. Ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀. Ni fóònù bá dún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Bí àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èèyàn lè gbin igi kó sì jókòó sí ibòji rẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé ó dàbọ̀.

Sọdọ̀tun sọ̀kalẹ̀. Oríṣiríṣi igi ni wọ́n, pupa àti dúdú, ta ló sì ń ka àpótí? Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó ń kọrin sábẹ́ imú, ó kun ẹsẹ̀ èyí, ó kun ẹsẹ̀ tọ̀hún. Ológbò Onílé gba àárín wọn kọjá, ìrù rẹ̀ kan ọ̀dà, ó wá gbé ìrù yẹ́lò náà nà sókè, ó ń bá a kiri àgbàlá bí ẹni tó gbé iná fìtílà wá nǹkan tó sọnù. Nígbà tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn ti di yẹ́lò tán, Sọdọ̀tun bẹ̀rẹ̀ sí yí wọn padà kó lè kun orí wọn. Àkọ́kọ́, ó dáa. Èkejì, ó dáa. Ó yí ọ̀kan padà, ó sì gbé búrọ́ọ̀ṣì dúró sófuurufú.

"Bàbá! Ẹ sáré wá o!"

Mo sọ̀kalẹ̀ bí eegun mi ṣe gbà mí láyè. "Kí ló dé?"

"Ẹ wo ìdí yìí."

"Ìdí ta?"

"Ìdí Onílé!"

Mo bojú wẹ̀yìn wò bóyá ọkùnrin náà dúró síbẹ̀. Àpótí ló ń nàka sí. Ojú àpótí náà ti jẹ kòtò wọnú, kòtò náà sì fì sí apá òsì. Bí Onílé ṣe máa ń jókòó nìyẹn, gbogbo ara sí òsì, bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ kan ti jò. Ìdí kan ṣoṣo ló lè gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Lókè, igi dúdú bàbá Onílé. Nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹ́lò tó ń dán bí eyín wúrà.

Onígbàjámọ̀ gbọ́ ariwo, ó wọlé pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó fi oníbàárà kan sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú ààbọ̀ irùngbọ̀n. Ó wo àpótí, ó súfèé. "Ẹ mú kẹrosíìnì wá, kíá!"

A fi àkísà àti kẹrosíìnì nu ẹsẹ̀ kan. Yẹ́lò náà kò kúrò, ó kàn ṣá bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Sọdọ̀tun gba àkísà lọ́wọ́ Onígbàjámọ̀. "Ó tó. Ẹ má pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Ìgbà yẹn ni ìyàwó Onílé jáde pẹ̀lú fóònù létí. Ó rí wa, ó rí àpótí, ó gbé ọwọ́ lé orí. "Yéè! Èmi ni mo dà á dé! Mo gbàgbé òfin pèpéle! Ọkọ mi á pa mí, á sì tún ní kí òkú mi dìde wá ṣàlàyé!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń pariwo nínú fóònù pé, "Kí ló dà dé? Ta ló kú?"

Sọdọ̀tun ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. Ọwọ́ mi ló kùn ún."

Ọ̀rọ̀ àpótí náà ti kún ọ̀rọ̀ abẹ́ àtẹ̀gùn báyìí. Oṣù ò ní parí kí wọ́n tó lé ọmọ mi. Ní tèmi, mo ti rí ọgbọ́n dá. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e padà sáyè rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ṣókùnkùn bí inú àpò. Ká gbé tìmùtìmù lé e, ká fi aṣọ gbọọrọ bò ó délẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe."

"Bàbá, irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ kọ́, aṣọ ni."

Onígbàjámọ̀ ní ọgbọ́n àgbà ni. Sọdọ̀tun mi orí. "Màá gbé e padà sáyè rẹ̀ láìbò ó, màá sì dúró tì í. Bó bá wọlé, kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó fojú rí i." Ó gbé àpótí wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dúró tì í bí ẹ̀ṣọ́, búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa yòókù dúró sẹ́yìn rẹ̀. Èmi dúró sẹ́yìn gbogbo wọn, nítorí àgbà kì í wà níwájú ìjà.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Onílé kọ́, Màmá ni, ó jí lójú oorun ọ̀sán. Ó ń fi ọwọ́ tọ́ ògiri bọ̀. Gbogbo wa di ojúgun ara wa mú, à ń retí gbì. Gbì ò dún. Màmá ti dúró.

Ó ní, "Kí ló ń tàn níbẹ̀ yẹn?"

Màmá na ọrùn síwájú.

"Ta ló gbé oòrùn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀?" Ó sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí kòtò igi náà gẹ́lẹ́. Ó jókòó. Etí ìró rẹ̀ kan ẹsẹ̀ àpótí, ọ̀dà mú un. "Áà," ó ní, "ìwọ nìyí. O wá yọ sí mi lónìí."

Ibẹ̀ ló jókòó sí tí Onílé fi wọlé, agbádá funfun lọ́rùn rẹ̀. Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. "Òórùn kí nìyí?" Ó wolẹ̀, ojú rẹ̀ là. "Àpótí bàbá mi!"

Sọdọ̀tun bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni, sà. Mo ṣèèṣì kùn ún láàárín àwọn tèmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni, mi ò tíì fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹ forí jì mí."

"Kó ẹrù rẹ! Má wulẹ̀ dúró de ìparí oṣù mọ́! Lónìí yìí!"

Màmá ní, "Ta lò ń lé?"

"Màmá, ẹ dìde níbẹ̀, ọ̀dà ń ràn mọ́ yín láṣọ."

"Kó ràn. Aṣọ mi ni. Mo ní ta lò ń lé?"

"Ọmọ tó ba àpótí bàbá mi jẹ́ ni."

"Wá, mo fẹ́ bi ọ́. Bí mo bá fẹsẹ̀ kọ àpótí yìí láràárọ̀, tí mo pariwo, kí lo máa ń sọ?"

Ìyàwó Onílé ló dáhùn: "Wọ́n máa ń ní kí ẹ rọra, Màmá."

"Kí n rọra! Ṣé ìrọra ni wọ́n fi ń ríran? Lónìí, láti ẹnu ọ̀nà yàrá mi ni mo ti rí ẹsẹ̀ àpótí yìí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Ọ̀kan nínú wọn ló dà bíi pé ara rẹ̀ ò yá."

Onígbàjámọ̀ wo ilẹ̀.

Onílé sún mọ́ ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Màmá, ṣé ojú yín ti burú tó báyìí ni? Ṣé ẹ̀ ń rí mi?"

"Mò ń rí nǹkan funfun kan tó ń pariwo."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí ojú Onílé, mo sì gbé ẹ̀rín mi mì. Ọkùnrin náà wó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó fi ìka kan ọ̀dà tó wà létí ìró ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àtẹ̀gùn ńkọ́?"

"Àtẹ̀gùn wo? Gbogbo rẹ̀ ti di ògiri kan ṣoṣo lójú mi. Kí lo rò pé ó jẹ́ kí n má gòkè mọ́?"

Igbe tó ta lókè, ìyá àwọn ọmọ mi ni. Àṣé láti òkè àtẹ̀gùn ló ti ń gbọ́ wa. Ọ̀rẹ́ òun àti Màmá ti pẹ́, àmọ́ látìgbà tí Màmá ò ti gòkè mọ́, ó ti rò pé Màmá ń bínú sí òun ni, òun náà sì ti di tirẹ̀ sínú. "Ẹ ò sì sọ fún mi!" ló ń ké bọ̀. "Èmi tí mo ti ń kí yín gààràgà, bí ẹni tó ń lé ajá!"

"Mo mọ̀ pé gààràgà ni," Màmá dáhùn. "Ojú ló ń dùn mí, etí ò dùn mí."

Onílé dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó wú ikọ́. Kò wo Sọdọ̀tun, òrùlé ló ń wò. "Ọ̀dà yẹn... ṣé ó ṣẹ́kù?"

"Ó ṣẹ́kù, sà."

"Kun etí àtẹ̀gùn fún mi. Látìsàlẹ̀ dókè."

"Á rùn o, sà."

"Mo bi ọ́ bóyá á rùn?"

"Àti àwọn agolo mi, sà. Níbo ni kí n kó wọn sí?"

Ó yí ojú sí ògiri. "Abẹ́ àtẹ̀gùn ńkọ́? Àbí láti ìlú kejì lo ó ti máa wá kun àtẹ̀gùn tó wà níbí?" Ó ti wọ yàrá kó tó tún yọ orí síta. "Àmọ́ kòtò orí àpótí yẹn, má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án o. Ìdí bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Sọdọ̀tun ò fi kàn án. Ó tún ẹsẹ̀ tó ń ṣe ibà kùn, ó jẹ́ kí òkè dúró ní dúdú, ó sì ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ aránṣọ yẹn pé kí wọ́n ṣeun, òun níṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí etí àtẹ̀gùn gbẹ, Màmá fi ẹsẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kí wọn bó ṣe ń gòkè: "Mo rí ọ. Ìwọ náà, mo rí ọ." Onílé tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń sín. Ìyá àwọn ọmọ mi ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè é. Ó wọlé, ó jókòó, wọ́n sì mú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọn ò tíì sọ láti ìgbà yẹn, wọ́n ń sọ ọ́. Èmi ni mo jẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà, mo bá lọ gbatẹ́gùn.

Láràárọ̀ báyìí, Màmá ló ń jókòó sórí àpótí. Orí ìdúró ni Onílé ti ń kun bàtà rẹ̀, ara rẹ̀ ṣì ń fì sósì bíi pé ó jókòó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá agolo kékeré kan lójú dídé lórí pèpéle, agolo pólíìṣì Onílé fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Sọdọ̀tun kùn ún ní yẹ́lò, ó dá a padà síwájú ilẹ̀kùn wọn, Onílé mú un wọlé láìsọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe sọ ọ́ yẹn. Àfi ẹyọ kan. Ìyá àwọn ọmọ mi tó ń ka èyí láti ẹ̀yìn èjìká mi ló ní kí n jẹ́wọ́ rẹ̀: Onílé ò ní ológbò. Imú rẹ̀ ò gbà á. Àmọ́ mo wo àgbàlá yẹn, mo wo ọ̀dà yẹn, mo sì rí i pé ìrù kan ló kù. Nǹkan tó ṣẹ́kù, òótọ́ ni, ewú orí mi ṣì dúró tì í.

Kìkì pé láti ìgbà tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ ológbò yẹn, ọ̀kan nínú eyín mi ti ń mì díẹ̀díẹ̀.